Ilojo Bar: Ìkéde Lásán Kò Gba Ilé Là

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ni wọ́n wó Ilojo Bar palẹ̀ ní gbàgede Tinúbú, l'Ékòó. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú ní 1861, ó sì ti pé ọdún 59 kí Lugard tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914. Ìjọba amúnisìn dé, ó bá a níbẹ̀. Ìjọba amúnisìn lọ, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1956, wọ́n kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ. Ọgọ́ta ọdún ni ìkéde yẹn fi wà lórí ilé náà, síbẹ̀ kò dá katakata dúró. Ariwo ta, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́, àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní òfin ni wọ́n rú, lẹ́yìn náà ariwo rọlẹ̀. Èrò tèmi ni pé láti 1956 gan-an ni ilé náà ti ń wó, nítorí ìkéde yẹn sọ ilé ẹbí kan di ti gbogbo ìlú, ó sì fi ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹbí nìkan. Bí a kò bá tún ìdí ọ̀rọ̀ yìí ṣe, àwọn ilé tó kù ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó padà ti Bùràsíìlì dé, yóò bá a lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdílé Fernandez ló kọ́ ilé náà, nígbà tí àwọn Àgùdà ń padà bọ̀ láti Bùràsíìlì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ogun kó, tí wọ́n tà sókè òkun, tí àwọn fúnra wọn tàbí àwọn ọmọ wọn sì rí ọ̀nà wálé. Lẹ́yìn ìṣọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dì ní Salvador, olú ìlú Bahia, ní oṣù Kìn-ín-ní 1835, ìjọba ibẹ̀ fi ojú àwọn ọmọ Áfíríkà rí màbo. Ó lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn sì di ẹrù ara wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kó bọ̀ wálé: bíríkìlà, gbẹ́nàgbẹ́nà, aránṣọ, alásè. Ilé tí wọ́n kọ́ kò ṣòroó dá mọ̀. Bíríkì ni ògiri rẹ̀, ó sì nípọn. Ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé tẹ̀ lókè bí ọrun. Wọ́n fi àpòpọ̀ iyanrìn àti ẹfun ṣe òdòdó àti ìlà ọ̀ṣọ́ yí etí fèrèsé ká, wọ́n wá fi ọ̀dà kun ọ̀ṣọ́ náà kó lè yàtọ̀ sí ara ògiri. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ Ilojo Bar lè fi ojú tẹ̀ lé ipa ọwọ́ ọ̀mọ̀lé láti orí fèrèsé kan dé èkejì, kó sì rí i pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é, pé kì í ṣe ẹ̀rọ. Àwọn oníṣẹ́ yìí kò ya ìsìn sọ́tọ̀. Àgùdà ló kọ́ ilé ìjọsìn Holy Cross tí wọ́n parí ní 1881, Àgùdà náà ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, iṣẹ́ ọwọ́ João Baptista da Costa. Ní 1933, ìdílé Ọláìyá ra ilé Fernandez, orúkọ Ilojo Bar sì mọ́ ọn lára. Ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ló jẹ́, ní ojúko tí gbogbo ẹsẹ̀ Èkó ń gbà kọjá.

Ìdí tí ilé ọtí fi yẹ lóhun tí à ń jà fún ni pé irú ilé bẹ́ẹ̀ mú ìyípadà ńlá bá bí a ṣe ń gba àlejò nílẹ̀ wa. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá wọ ìlú tí kò mọ ẹnìkan níbẹ̀, ó di dandan kó ní onílé. Àgbà ilé kan ni yóò gbà á sọ́dọ̀, tí yóò fún un ní yàrá, tí yóò fi í hàn fún baálé, tí yóò sì dúró fún un bí ọ̀rọ̀ bá dé. Nígbà tí Abner Cohen ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Sábó, n'Íbàdàn, ní àwọn ọdún 1960, ètò yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ gidi láàárín àwọn Hausa tó ń ta màlúù tí wọ́n sì ń ra obì. Onílé ló ń fún oníṣòwò níbùsùn, òun náà ló ń dúró fún oníbàárà rẹ̀ lórí àwìn. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ẹni kankan kò rí ibi wọ̀. Ilé tí ènìyàn lè wọ̀ nítorí owó tó wà lápò rẹ̀ nìkan, kó jókòó, kó jẹun, kí ẹnikẹ́ni má bi í ní orúkọ baba rẹ̀, ohun tuntun ni ní Èkó, àwọn Àgùdà sì wà lára àwọn tó tètè mọ owó tó wà níbẹ̀. Candido da Rocha, tó ni Ilé Omi ní òpópónà Kákáwà, òun náà ló ni hòtẹ́ẹ̀lì Bonanza. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ló kọ́ Èkó bí àjèjì ṣe lè di ará ìlú láìjẹ́ pé ó bá ẹnikẹ́ni tan.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun kan. Holy Cross ṣì wà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìjọsìn mìíràn ti rọ́pò ti 1881, nítorí ìjọ ń bẹ tó ń dá owó òrùlé. Shitta-Bey wà, nítorí àwọn jàmáà rẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ìjọ pàápàá lè wólé: mọ́ṣáláṣí àgbà Èkó àtijọ́, tí wọ́n parí ní 1913, wọ́n wó o ní àwọn ọdún 1980 kí wọ́n lè kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìjọ ló wó o, ìjọ ló sì kọ́ òmíràn síbẹ̀. Ilé ọtí kò ní ìjọ. Oníbàárà ló ní, oníbàárà a sì máa jẹun tán kó máa lọ. Nígbà tí ọjà bá sì lọ sí ibòmíràn, tí àwọn olówó kó lọ sí Ìkòyí àti Victoria Island, kò sí ẹni tí yóò gbé igbá ká láti tún òrùlé ilé ọtí ṣe. Àwọn ẹbí ló kù pẹ̀lú rẹ̀, iye wọn sì ń pọ̀ sí i láti ìran dé ìran, bẹ́ẹ̀ ni iye owó ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé ń gòkè lójoojúmọ́. Irú ilé yìí ló nílò ìlú jù lọ, irú rẹ̀ náà sì ni ìlú ń tètè gbàgbé.

Kí wá ni ìlú ṣe? Ní 1956, ó kéde. Ní 1979, ìjọba ológun gbé òfin 77 jáde, ó dá àjọ NCMM tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, ó sì fi àwọn ohun ìrántí sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí a kò ṣe ni pé a kò ya owó kankan sọ́tọ̀ tí ẹni tó ni ilé lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò tẹ òun lọ́wọ́ lọ́dọọdún láti fi tún un ṣe. Òfin ní kí ẹbí má wó o, kí wọ́n má yí i padà, kí wọ́n má kọ́ ohun mìíràn síbẹ̀. Owó sìmẹ́ǹtì, owó pákó, owó oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ Àgùdà ṣe, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ láti lọ wá a. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ, àmọ́ àjọ yìí jẹ oyè náà láìní èékánná. Ìṣòro kejì tún wà lórí èyí. Àbùjá ló ń kéde ohun ìrántí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti jáde, ọwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀ ni àkóso ilẹ̀ wà, ìpínlẹ̀ náà ló sì ń fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ láti kọ́lé tàbí láti wólé. Nítorí náà, ilé kan lè jẹ́ ohun mímọ́ nínú ìwé Àbùjá, kó sì jẹ́ ẹgẹrẹmìtì ilé tó ń dẹ́rù bani nínú ìwé Aláùsá, ibùjókòó ìjọba Èkó. Nínú àlàfo tó wà láàárín ìwé méjèèjì ni katakata gbà wọlé.

Kí a má baà rò pé ilẹ̀ dúdú nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilé ọtí abúlé ti jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń yangàn. Nítòsí Himley, ní agbègbè Staffordshire, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Crooked House. Ọdún 1765 ni wọ́n kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ilé àgbẹ̀, ó di ilé ọtí ní nǹkan bí ọdún 1830. Àwọn awakùsà wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ títí ìhà kan ilé náà fi rì, tó fi lọ sílẹ̀ ju ìhà kejì lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ojú àlejò a máa ṣe bàìbàì níbẹ̀: bí o bá gbé òkúta bíńtín tó rí róbótó sórí tábìlì, yóò dà bíi pé ó ń yí gòkè fúnra rẹ̀, nítorí ògiri àti fèrèsé tó yí ọ ká ti wọ́ tán. Ní àwọn ọdún 1940, wọ́n ti pinnu pé ilé náà léwu, pé kí wọ́n wó o. Ilé iṣẹ́ ọtí tó ni ín kọ̀, ó fi irin gbọọrọ àti ògiri àgbékalẹ̀ tì í, ilé náà sì tún dúró fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún. Ní oṣù Keje 2023, wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ kan. Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, iná jó o. Ní ọjọ́ 7, ẹ̀rọ awólé wó èyí tó kù palẹ̀, bẹ́ẹ̀ káńsù South Staffordshire ní àwọn ò fọwọ́ sí i kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀. Ó dọ́gba pẹ̀lú ti Tinúbú títí dé ibẹ̀ yẹn. Ibi tó ti yàtọ̀ ni ohun tó tẹ̀ lé e: ní oṣù Kejì 2024, káńsù kọ ìwé pé kí àwọn tó ni ilẹ̀ náà tún ilé ọ̀hún kọ́ láàárín ọdún mẹ́ta, bó ṣe wà kí iná tó jó o. Àwọn onílẹ̀ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ṣùgbọ́n ilé mìíràn kò lè ti ibẹ̀ hù bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Káńsù yẹn kò dédé ní ìgboyà bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ti wà nílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2015, ilé iṣẹ́ kan wó Carlton Tavern ní Maida Vale, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti kọ́kọ́ tọrọ àyè láti kọ́ ilé gbígbé síbẹ̀, wọ́n kò gbà fún un. Ilé náà kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà náà, nítorí ọdún 1920 sí 1921 ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn ará àdúgbò ló ti fura ṣáájú, tí wọ́n kọ̀wé pé kí wọ́n fi ilé náà sínú ìwé àwọn ilé tí òfin ń dáàbò bò, àwọn olùṣàyẹ̀wò sì ti wá, wọ́n ti ya àwòrán gbogbo rẹ̀, wọ́n ti gba ìdà àwọn táìlì ara rẹ̀. Káńsù Westminster pàṣẹ pé kí wọ́n tún un kọ́ ní bíríkì dé bíríkì. Ilé iṣẹ́ náà jà, wọ́n dá a lẹ́bi. Ní oṣù Kẹrin 2021, Carlton Tavern tún ṣílẹ̀kùn. Bí ẹ bá wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé owó ìtanràn kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́wàá sí àárín Èkó, kí ni owó ìtanràn jẹ́ lójú rẹ̀? Yóò kà á mọ́ owó sìmẹ́ǹtì ni. Àṣẹ pé kí o dá ohun tí o wó padà sípò rẹ̀, èyí ni í sọ wíwó ilé di òwò tí kò lérè. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀run, wọ́n ń pàdánù ilé ọtí àtijọ́ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ibi tó ń dun awólé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: dúkìá ìdílé ni, ta ni ìjọba tí yóò wá sọ fún ọmọ onílé ohun tí yóò ṣe sí ogún baba rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, n kò sì ní kọjá lára rẹ̀. Ìdílé tó ní ilẹ̀ ní Tinúbú, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń san owó ilé ẹ̀kọ́, tí òrùlé ń jò, tí agbaṣẹ́ṣe kan sì ń gbé owó rẹpẹtẹ kalẹ̀ níwájú wọn, ìdánwò ni wọ́n wà. Bí a bá ní kí wọ́n kọ owó náà nítorí ìtàn tó jẹ́ ti gbogbo wa, àwa ni à ń jẹ wọ́n ní gbèsè. Ohun tó tọ́ ni pé ọjọ́ tí a bá kéde ilé kan, ọjọ́ náà ni kí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í san tirẹ̀. Kí ìjọba Èkó mú owó orí ilé tí wọ́n ń pè ní Land Use Charge kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Kí wọ́n fún ẹbí náà ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ ilé tó ga ju ti ẹlòmíràn lọ sórí ilẹ̀ mìíràn, tàbí kí wọ́n ta ẹ̀tọ́ yẹn fún ẹni tó nílò rẹ̀, kí àǹfààní tí wọ́n pàdánù ní Tinúbú lè padà sọ́wọ́ wọn. Kí owó àtúnṣe wà nínú ìṣúná, lórúkọ ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹbí bá sì fẹ́ tà, kí àdúgbò ní àkókò láti kó owó jọ kí wọ́n tó tà á fún ẹni tó fẹ́ wó o. Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2011 fún àdúgbò ní irú àǹfààní yìí. Ṣáájú òfin yẹn pàápàá, ní 2003, àwọn ará Hesket Newmarket, abúlé kékeré kan ní Cumbria, ti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún fi owó wọn sí i, wọ́n sì ra Old Crown, ilé ọtí abúlé wọn. Wọn kò dúró de ìjọba. Ta ni yóò wá kọ́ Yorùbá ní alájẹṣẹ́kù? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń ra ilẹ̀, ó ń kọ́lé, ó ń yá àwọn olùkọ́ àti ọlọ́jà lówó káàkiri ilẹ̀ wa. Ó lè ra ilé ìtàn, kó fi ṣòwò, kí èrè rẹ̀ máa tún òrùlé ṣe.

Ẹlòmíràn yóò ní ilé ọtí ni mò ń pariwo lé lórí, pé bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, a óò lóye. Àwọn mìíràn yóò ní ilé àwọn tó padà ti Bùràsíìlì dé ni, tí wọ́n jẹ́ orúkọ Potogí, kì í ṣe ilé Yorùbá. Àwọn méjèèjì ń fẹ́ kí ìtàn jẹ́ kìkì ohun tó bójú mu. Gbàgede tí ilé náà dúró sí ń jẹ́ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin tó lágbára, tó ṣòwò nínú epo àti ohun ìjà, tó sì ṣòwò ẹrú pẹ̀lú. A kò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè bi wá ní ìbéèrè. Ní ojúko kan náà, títí di 2016, ilé kan dúró tó ń fi àwọn tó padà dé láti oko ẹrú hàn, àti ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Orúkọ obìnrin tó ta ẹrú àti ilé àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ń wo ara wọn lójú ní gbàgede kan ṣoṣo. N kò mọ ìwé ìtàn tó lè kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ohun tí ibi yẹn lè kọ́ ọ láàárín wákàtí kan. Ní ti pé ilé Yorùbá kọ́, ẹ béèrè ọ̀dọ̀ ta ni àwọn bíríkìlà ìlú wa ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀ṣọ́ sí etí fèrèsé, tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi dé Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn, tí kò ṣẹ́kù sí àdúgbò Àgùdà nìkan. Ohun tí a fi ọwọ́ ara wa kọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, tiwa ni.

Àtakò tó le jù, tí n kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ni pé ilé náà ti lọ, pé ohun yòówù tí a bá kọ́ síbẹ̀ báyìí yóò jẹ́ àfarawé. Òótọ́ ni pé a kò lè dá ògiri 1855 padà. Bíríkì tuntun kò lè mọ ohun tí àwọn bíríkì yẹn mọ̀. Síbẹ̀, mo fara mọ́ ọn pé kí a tún un kọ́, fún ìdí méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí Carlton Tavern fi hàn: bí àfarawé bá dúró síbẹ̀, èrè kò sí níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wó èyí tó tún kù. Ìkejì ni pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yóò bí àwọn oníṣẹ́. Iye àwọn bíríkìlà tó mọ bí a ṣe ń tẹ orí fèrèsé láìlo sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti dà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dínkù gidigidi l'Ékòó. Bí a bá fi ìkọ́lé yìí ṣe ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn ọ̀dọ́ wá kọ́ iṣẹ́ náà lórí Ilojo Bar, ọwọ́ wọn yóò ti mọ́ ọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé tó ṣì jẹ́ ojúlówó. Fọ́tò ilé náà pọ̀, láti ìta àti láti òkè, ẹgbẹ́ Legacy 1995 tó ń jà fún irú ilé wọ̀nyí sì ti ń sọ̀rọ̀ nípa títún un ṣe kí wọ́n tó wó o. A kò ní bẹ̀rẹ̀ látinú òkùnkùn.

Wọn yóò tún ní kò sówó, ebi ń pa ìlú. Owó wà fún ohun tí a bá kà kún. Ìjọba Èkó kọ́ ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá John Randle sí Oníkan, wọ́n ṣí i ní 2023, ó dára, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ fi hàn àlejò nínú ilé àṣà tuntun, bí àwọn ilé àṣà gidi ní ìta bá ti di ilé ìtajà? Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, ibi tí àwọn amúnisìn ń ti ènìyàn mọ́. Ní 2010 wọ́n sọ ọ́ di ọgbà tí àwọn ènìyàn ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń mu, tí wọ́n ti ń gbọ́ orin, tí wọ́n ti ń wo eré. Bí ọgbà ẹ̀wọ̀n bá lè di ibi fàájì tó ń pa owó, ilé tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ tẹ́lẹ̀ kò ní ṣòroó sọ di ilé oúnjẹ. Àmọ́ ó yẹ kí Bùràsíìlì kọ́ wa lọ́gbọ́n lórí èyí. Pelourinho, àárín ìlú Salvador àtijọ́, tí UNESCO fi sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1985, ibẹ̀ ni ìdílé ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà ti wá. Nígbà tí ìjọba Bahia tún un ṣe ní àwọn ọdún 1990, ògiri dára, ọ̀dà tàn, àwọn arìnrìn-àjò dé. Ṣùgbọ́n wọ́n lé ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ibẹ̀ kúrò, àwọn tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kọ́ ọ. Bí ìjọba Èkó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ ẹbí kí wọ́n lè gbé e fún olówó tó ní hòtẹ́ẹ̀lì, èmi kò sí níbẹ̀. Ẹbí àti àdúgbò ló gbọ́dọ̀ ní ìpín tó pọ̀ jù nínú òwò tó bá ti inú ilé náà jáde, kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́dẹ àti agbálẹ̀ nìkan.

Ní báyìí, Ilé Omi da Rocha ṣì wà ní Kákáwà. Àwọn ilé Àgùdà mélòó kan ṣì wà ní Bámgbóṣé, ní Igbóṣéré, ní ìhà Campos, àwọn kan nínú wọn ti ń fẹ̀yìn ti igi. Kí àjọ NCMM àti ìjọba Èkó jókòó sórí tábìlì kan, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ilé wọ̀nyí sínú ìwé kan ṣoṣo tí ọ́fíìsì méjèèjì yóò máa lò, kí ẹni tó bá lọ gba àṣẹ láti wó ọ̀kankan nínú wọn ní Aláùsá má lè sọ pé òun ò mọ̀. Kí àwọn ayàwòrán ilé ti àwọn yunifásítì wa wọn wọ́n ní ìwọ̀n dé ìwọ̀n, bíi ti Carlton Tavern, kí àwòrán wà kí ewu tó dé. Kí wọ́n sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí náà ní ìdílé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mú ìwé àdéhùn dání, kí iye tí ìjọba máa san lọ́dọọdún wà nínú rẹ̀, kí ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san án sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.